Àdín Nínú Wáyà Mítà

Bámitálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún mi ló gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní obìnrin tíṣà bí èmi kò lè tọ́jú ọkọ̀.

Nínú ọyẹ́ tó ṣáájú òmìnira, mo ń mu ọsàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bámitálẹ́ nínú ilé.

Mẹkáníìkì ń bi í pé, "Ọ̀gá, kí lẹ rọ sínú wáyà mítà yìí?"

"Àdín ni. Ọwọ́ mítà tó ń ka eré ọkọ̀ ló ń gbọ̀n, ni mo bá..."

"Ni ẹ bá fún un ní àdín, bí ọmọ tí gìrì mú! Ṣé ẹ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn náà?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Ṣé àdín kì í ṣe epo ni?"

"Epo ni. Ṣùgbọ́n ó ti dì nínú ọyẹ́ yìí, wáyà kò rí ọ̀nà yí, ó sì já. Gíríìsì díẹ̀ ló ń fẹ́. Títí òmíràn yóò fi ti Ìbàdàn dé, ẹ ò ní mọ eré tí ẹ ń sá."

Bí ọmọ tí gìrì mú! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ju ọsàn ẹnu mi lọ. Ẹni tó ní tíṣà kò lè tọ́jú ọkọ̀ ló sọ mítà di ìkókó.

Mo wọlé, mo kí mẹkáníìkì, n ò kí Bámitálẹ́. Mo ní kó fún mi ní ọkọ̀ mi, àbí kí n lọ ròyìn àdín fún gbogbo ẹbí.

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní: "Máa gbé e lọ. Ọkọ̀ tí kò mọ eré tí òun ń sá, obìnrin ló yẹ."