Hẹ́dífóònù Tí Mo Gbààwẹ̀ Sí

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ẹni tó ni mí kí n tó la ẹnu. Ó ti tó. Mo ti dìde. Ọlọ́run ló ni ọpẹ́ mi, Ẹni tí kò jẹ́ kí ilé mi tú lójú mi. Ẹ bá mi fi ọwọ́ kan yìn Ín, kí n lè mọ̀ pé ẹ ò sùn!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Ìbùkún, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí ẹ máa ń sọ pé ojú rẹ̀ le. Ó le lóòótọ́, Ọlọ́run ṣì ń bá mi ṣe é. Fún àwọn àlejò tó wà láàárín wa, níbí ní Oǹdó ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyá mi àti ọmọbìnrin mi, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní Alágbàká. Láti ìgbà tí epo bẹntiróò ti di góòlù, mo gbé mọ́tò mi sí iwájú ilé, adìẹ ìyá mi ló ń yé sí abẹ́ rẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ lọ, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ bọ̀.

Ìyàwó mi, Mojísọ́lá, lọ sí Kánádà, ó ti pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ lẹ gbàdúrà fún un kó tó lọ. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. A ní ọdún kan péré ni, á fi mú èmi àti ọmọ lọ. Ìwé ò jáde. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, àárò obìnrin yìí ń sọ mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Tó bá ń gé ẹ̀fọ́, ó máa ń kun orin, kò sì ní mọ̀ pé òun ń kùn ún. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ fún un pé kó dákẹ́, mò ń gbọ́ ìròyìn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Ní báyìí, mo lè jókòó sí ilé ìdáná kí n kàn máa wo ọ̀bẹ.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ìkejì ló sì ń gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò kan ṣoṣo tó ní lóòjọ́ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un láti jẹun ọ̀sán. Ọ̀sán tiwọn níbẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa ni. Níbo ni mo máa ń wà ní aago márùn-ún? Inú bọ́ọ̀sì Oǹdó!

Ẹ̀yin tó ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ bá mi jẹ́rìí. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí wà níwájú, ẹni tó ń wàásù wà lẹ́yìn (Olúwa má bínú sí mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ Rẹ ló ń jẹ́), rédíò awakọ̀ wà láàárín. Mojí á pè, màá máa pariwo pé, “Mi ò gbọ́! Kí lo wí? Mi ò gbọ́!” Òun náà á ní, “Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, àbí ẹ ò fẹ́ gbọ́?” Ìyẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́ dáadáa! Inú á bí mi, màá gé fóònù. Ẹ lè ní, ṣé kò lè kọ ọ́ ránṣẹ́ ni? Ó ń kọ ọ́. Ṣé lẹ́tà ni mo gbé níyàwó ni?

Nígbà tó yá, ó dín pípè kù. Ojoojúmọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo rí i pé ìyàwó mi ń bọ́ lọ́wọ́ mi, kì í sì í ṣe ọkùnrin kan ló ń gbà á, ariwo ni.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sọ ohun tí mo ń gbà á sí fún Pásítọ̀, ojú ń tì mí. Ta ló ń gbààwẹ̀ nítorí hẹ́dífóònù? Ọ̀gá wa kan ní ọ́fíìsì ló rìnrìn àjò, tó dé tó ń ròyìn pé òun ra ohun kan tí wọ́n ń dé sí etí, ó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì bàálù, òun sì sùn títí wọ́n fi balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní, Olúwa, ohun tó pa ariwo bàálù, ṣé ti bọ́ọ̀sì Oǹdó ló máa wá ṣòro fún un? Àmọ́ owó rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta àwẹ̀, aládùúgbò mi kan yọjú, ó ní ṣé mo lè ta jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé mi fún òun. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ tà á! Ìyá mi bá mi jà, ó ní ṣé inú òkùnkùn la ó máa jẹun ni. Mo tà á.

Mo bá lọ sí ìsọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ti parí yunifásítì ló ń tajà níbẹ̀, Fúnmi lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó kó wọn síwájú mi. Ó mú íapíìsì kékeré tí wọ́n ń tì bọ inú etí. Mo ní rárá, ìyẹn á já bọ́ sábẹ́ àga, ẹlòmíràn á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó mú ńlá kan tó bo gbogbo etí, òun fúnra rẹ̀ ló ní ìyẹn kàn ń di etí ni, kì í pa ariwo. Ó wá mú dúdú kan tó ṣeé ká sínú àpò, ó ní èyí gan-an ló ń pa á, bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e dé ọjọ́ mẹ́ta bí iná kò bá wá. Ó ní kí n dé e wò. Jẹnẹrétọ̀ ìsọ̀ kejì ń dún gbìgbìgbì. Ó tẹ bọ́tìnnì kan báyìí. Ẹ̀yin ará, jẹnẹrétọ̀ kú! Mo bojú wẹ̀yìn, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi nínú ìsọ̀ onísọ̀.

Fúnmi wá bi mí pé, “Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbọ́ èèyàn ni, àbí ẹ fẹ́ kí èèyàn gbọ́ yín? Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ nìyí o.” Ó gbé òmíràn wá tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà wá síwájú ẹnu. Ó ní tìyẹn, ohùn mi nìkan ni ẹni tó wà lódìkejì máa gbọ́, kò ní gbọ́ ariwo ọkọ̀. Mo wò ó. Ó jọ èyí tí àwọn tó ń dáhùn fóònù oníbàárà máa ń dé. Èmi, alàgbà, kí n gbé ìyẹn sórí nínú bọ́ọ̀sì Oǹdó? Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Mo dá a lóhùn kíá pé, “Èmi ni mo fẹ́ gbọ́ràn, ọmọ mi. Bá mi di dúdú yẹn.” Ó ní, “Dádì, ẹ rò ó dáadáa.” Mo ní mo ti rò ó. Mi ò rò ó rárá.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo dé ohun mi. Àwọn èrò ń wò mí bíi pé èmi ni mo fẹ́ wa bàálù. A ti kúrò ní Àkúrẹ́ nígbà tí ìpè wọlé. Mojí ni! Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbùkún.” Ẹ̀yin ará, àfi bíi pé ó gbé ẹnu sí mi létí. Mo gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti gbọ́ mímí ìyàwó mi kẹ́yìn.

Mo ní, “Mojí, mò ń gbọ́ ọ! Mò ń gbọ́ ọ kedere!”

Ó ní, “Halóò?”

Mo tún un sọ. Ó ní, “Halóò? Ariwo nìkan ni mò ń gbọ́ o.”

Mo lọgun, gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Kò gbọ́. Mo rántí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo kọ̀ nítorí ìgbéraga, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo gbọ́ bí Mojí ṣe gbé ṣíbí sílẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló wá sọ ọ́, kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, “Ó ti sú mi. Bí a ò bá lè bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ.” Àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gba etí tí mo fi gbọ́ gbólóhùn yẹn. Kò sí ariwo kankan tó bò ó mọ́lẹ̀ fún mi.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá sọ ọ́, kò ní gbọ́. Mo di àga iwájú mi mú, mo ní, Jésù, kì í ṣe báyìí ni mo ṣe bẹ̀ Ọ́. Omijé ń bọ́ lójú mi. Òun kò gé fóònù, èmi náà kò gé e.

Bẹ́ẹ̀ la dé Ọ̀wẹnà, ní agbedeméjì ọ̀nà. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbé èrò, ẹ sì mọ bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń ya bo ọkọ̀ níbẹ̀. Èmi ò gbọ́ ọ̀kankan, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìyá arúgbó kan wọlé, ó jókòó tì mí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn èrò sọ fún mi pé ìyá yìí kí mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò dáhùn. Ó kí mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó kí mi lẹ́ẹ̀kẹta. Èmi tó yẹ kí n kọ́kọ́ kí i! Ní ilẹ̀ Oǹdó yìí, kí àgbà kí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má dáhùn, kí la ń pe onítọ̀hún? Màmá fa hẹ́dífóònù kúrò ní etí mi kan, ó gbé ẹnu lé e. Èdè Oǹdó tó ki ló fi sọ ọ́, nítorí àwọn àlejò ni mo ṣe ń tún un sọ báyìí: “Ọmọ ta ni ọ́? Èmi tí mo lè bí ìyá rẹ ń kí ọ, ìwọ dí etí! Ṣé o ti kú ni?”

Kí n tó lè ní ẹ má bínú, mọ́mì, mo gbọ́ nǹkan kan ní etí kejì. Ẹ̀rín ni! Mojí ń rẹ́rìn-ín! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, méjèèjì pa pọ̀. Ó ní, “Ta nìyẹn? Ọ̀wẹnà lẹ wà, àbí? Mò ń gbọ́ àwọn onípékeré! Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”

Mo bá yọ orí síta lójú fèrèsé, tèmi ti hẹ́dífóònù, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Ó gbọ́ oníbọ̀ọ̀lì. Ó gbọ́ alágbàdo sísè. Ó gbọ́ obìnrin méjì tó ń jà nítorí àga ẹ̀yìn. Ó ní níbi tí òun wà, òun lè wọ ọkọ̀ lọ kí òun wọ̀ ọ́ bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kí òun. Ó ní ó ti pẹ́ tí àgbà ti bá òun wí kẹ́yìn.

Màmá ní ta ni mò ń yọ orí síta fún. Mo ní ìyàwó mi ni, ó wà ní Kánádà. Ojú màmá yí padà. Ó ní kí n gbé e wá. Mo gbé hẹ́dífóònù dé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀: “O kú àjò, ọmọ mi. O kú ọ̀nà jíjìn. O kú òtútù. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ti rù díẹ̀. Ó ń sunkún nítorí rẹ o. Mo fi ojú mi rí i.” Ohun tí mi ò rí ẹnu sọ fún oṣù mẹ́jọ, ìyá tí mi ò mọ̀ rí ló bá mi sọ ọ́! Ó yọ ọ́ lórí, ó gbé e fún mi, ó ní, “Ó ní òun ti kúnlẹ̀ kí mi.” Mo bi Mojí, òótọ́ ni. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun, lójú àwọn òyìnbó, ó kúnlẹ̀.

Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, ariwo padà dé. Mo gbọ́ tó ní, “Mi ò lọ síbì kankan. Màá pè yín lọ́la.”

Ó sì pè! Láti ọjọ́ náà, kò pa ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ. Láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wẹnà, òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́. Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́! Tí a bá dé Ọ̀wẹnà, màá yọ orí síta, òun náà á gbọ́ tiẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbọ́ tó ń kun orin lẹ́nu bó ṣe ń jẹun. Kò mọ̀ pé òun ń kùn ún. Mi ò sọ fún un.

Kò tíì dé o. Mi ò ní dúró síwájú pẹpẹ kí n purọ́. Ìwé ò tíì jáde, ibi tó máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì ṣì ṣófo, tí mo bá sì rí i àárò rẹ̀ á tún sọ mí. Ẹ bá mi gbà á ládùúrà. Ṣùgbọ́n ilé mi kò tú. Ògo ni fún Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí n bèèrè, nígbà tí èmi ń bèèrè ohun tó wù mí.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Fóònù tó wà lápò mi yìí, kò kú. Mojí gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, láti ìgbà tí a ti ń kọrin ìyìn ló ti ń gbọ́ wa. Ẹ bi mí láàárọ̀ pé kí ló dé tí mo lọ jókòó ti àwọn onílù, ìdí nìyẹn. Mo ti mú fóònù jáde. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ dìde. Ẹ má rọra sọ ọ́ o, kì í ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ń wá. Ó ní òun ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gba máìkì. Ẹ kí i, kó lè dìde.