Ọ̀fun Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò, Kì í Ṣe Ikùn

Ojú tì ọ́? Ojú kẹ̀! Oyèyẹmí, ọmọ ìyá mi, o dúró gbagidi sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, o ń sọ fún mi pé ojú tì ọ́, ọmọ rẹ wà nínú yàrá lẹ́yìn rẹ, kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì! Itọ́ lásán, tí ọmọ ọwọ́ ń gbé mì!

Ìyá Lucy, ará ìjọ yín, ló sáré wá sọ fún ọ pé òun rí Inúmidùn lórí bẹ́ǹṣì síkáànù, láàárín àwọn aboyún. Ìwọ náà, alàgbà ìjọ, o ò bi í pé kí ló dé tí ọrùn ọmọ náà fi wú bẹ́ẹ̀. O kàn gun ọ̀kadà, o dé, o fa ọmọ dìde lójú gbogbo ayé, o ní ọmọ tìrẹ kò lóyún, kò ní ṣe síkáànù kankan. Ta ló ní ó lóyún? Ṣé ikùn ni wọ́n fẹ́ wò ni? Ọ̀fun ni! Ọ̀fun, Oyèyẹmí!

Ibo lo wá ń gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ olóólà, kí ó bá ọ gé bèlúbèlú, ẹran kékeré tó rọ̀ sọ́nà ọ̀fun tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni! Ẹnu tí kò ṣí tó kí ṣíbí wọ̀ ọ́, òun lo fẹ́ ki abẹ bọ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n bá yín ní gáréèjì, tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ, tí mo mú un padà wá síbí.

Má dá mi lóhùn! Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Dókítà Mardiyah fi nǹkan tó ń yọ̀ pa abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ síkáànù náà tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi ojú dúdú kan hàn mí lójú ẹ̀rọ náà, ó rí rogodo, lápá òsì ọ̀fun nìkan. Eéwo ni, ó ti kún. Wọ́n ní ká ní ó wú lásán ni, oògùn ì bá tó. Ṣùgbọ́n èyí, abẹ́rẹ́ ni àwọn yóò fi fa ohun inú rẹ̀ jáde, kí ó má baà dí ọ̀nà èémí. Ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, ẹ̀rọ ti fi hàn. Ẹ̀rọ tí ìwọ pè ní ti aboyún!

Kí lo wí? Kí ni ìjọ yóò wí? Háà! Ibi tó ń dùn ọ́ gan-an nìyẹn. Ìwọ lo yọ Joy ọmọ Timothy kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, o ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, nítorí irú àhesọ yìí kan náà. Ọdún yí po, kò sí oyún, kò sí ọmọ. Ṣé o tọrọ àforíjì? O wá ń bẹ̀rù ìjókòó tí ìwọ fúnra rẹ tẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn lo ń pè ní ìwà mímọ́? Ìgbéraga ni, o kàn da aṣọ funfun bò ó. Tùẹ̀!

Ó tó. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà. O ò rí i pé dókítà ló dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ yìí?

O ṣì dúró? Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀, ẹ kọjá. Ẹ má wo ojú rẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n ní kékeré. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò nílẹ̀.