Ààlè Tí Mo Tú ní Imú Òkun

Ẹ má tíì ká ẹní yìí kúrò lórí mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, Tanielu, o ti jáde síwájú ilé. Mo gbọ́ ikọ́ Lusia ìyàwó mi lẹ́yìn rẹ. Mo mọ̀ pé àánú ń ṣe yín. Ẹ̀ ń wí nínú ara yín pé kí ni Pelenato, arúgbó tí dókítà ti ní kó lọ máa sinmi nílé, ń wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tó fi ẹní àtàtà bo orí bí apànìyàn tó wá tọrọ ìdáríjì? Bí apànìyàn náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí ẹ bá rí ojú mi tó ti rù yìí, ẹ ó gbé mi dìde kí ẹ tó mọ irú ẹni tí ẹ ń gbé.

Noelini ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀? Kí ẹnìkan bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí èdè rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe èmi. Ahọ́n mi ti túmọ̀ irọ́ fún obìnrin yẹn tó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún méjìlélógún. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni òtítọ́ bá a, nígbà tí Noelini padà sí Savaii, erékùṣù wa yìí, tó ní kí n mú òun lọ sídìí sàréè Bàbá Sosimo. Gbogbo yín wà níbẹ̀. Ó gbé òdòdó funfun lé orí òkúta, ó sì wí fún mi pé, "Pelenato, sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í." Mo sì túmọ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu mi yìí, mo sọ fún òkú aláìṣẹ̀ pé wọ́n ti dárí jì í. Mo di òkúta sàréè mú, Lusia sì sáré gbé àga wá. Ẹ rò pé àìsàn ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bàbá Sosimo, bàbá tó bí Tanielu àti Lusia, ni ìlú fi ṣọ́ Imú Òkun, ihò orí àpáta dúdú tí òkun ń gbà fọn sókè. Láràárọ̀ ló ń lọ wo ojú omi. Bí ìgbì bá ń bọ̀ láti gúúsù, á já imọ̀ àgbọn tútù, á ta á ní kókó mẹ́ta, á so ó mọ́ igi ẹnu ọ̀nà. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá rí i, ìbáà ṣe baálé, ìbáà ṣe àlùfáà, yíyí ló ń yí padà.

Èmi ní tèmi, ilé àna ni mo ń gbé. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú wa: faiava, ọkọ tó fẹ́yàwó tán tó jókòó ti bàbá ìyàwó. Èmi ni mo ń dá ààrò òkúta, èmi ni mo ń rẹ́ àgbọn, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn àgbà, tí mo sì ń jẹun gbẹ̀yìn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá sìn dáadáa ni wọ́n ń sìn lọ́la. Ṣùgbọ́n orí mi gbóná nígbà náà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Apia, mo gbọ́ òyìnbó, èmi ni mo sì ń mú àwọn àlejò kiri. Mo wá rò pé mo ti di nǹkan.

Ọjọ́ Ajé kan ni Kiiti àti Noelini dé láti Timaru, ní Niu Silandi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni Kiiti ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti fẹ́ra, wọn kò sì lọ ìrìn àjò kankan pọ̀ rí. Ẹ kò rí irú àlejò bẹ́ẹ̀ mọ́. Noelini jókòó ti àwọn obìnrin, ó ń hun ẹní títí ìka rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Kiiti ń bá mi ru igi ìdáná, ó ń bú mi pé mi ò mọ igi là. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun náà á ró aṣọ bí tiwa. Ó ró o, aṣọ sì já bọ́ nídìí rẹ̀ níwájú ìyàwó àlùfáà.

"Màmá, ẹ dijú!" Lusia ló pariwo. "Ẹ dijú, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó gbàgbé!"

Ìyàwó àlùfáà ní, "Mo ti rí i ná, ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ máa dijú sí?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin tí mo pa nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó mọ ẹ̀rín rín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a jókòó jẹun. Noelini ní kí Bàbá kọ́ òun ní ohun tí imọ̀ tó máa ń so túmọ̀ sí. Bàbá já ọ̀kan, ó ta á ní kókó, ó fà á lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo túmọ̀. Bàbá ní, "Bí ẹ bá rí i, ẹ padà. Bí ẹ kò bá rí i, òkun ti gbà." Noelini ta kókó tirẹ̀, ó tú u, ó tún un ta, títí Bàbá fi mi orí pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń gbé kiri.

Ìgbà náà ni Kiiti bi mí bóyá àwọn lè rí Imú Òkun lọ́jọ́ kejì, torí ọjọ́ Ìsinmi kò sí ẹni tó ń ṣeré, ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ ojú omi wọn sì ń lọ. Láìbi ẹnikẹ́ni, mo ní, "Kò sí wàhálà. Èmi ni mo wà níbí. Mo máa mú yín lọ."

Bàbá ní kí ni mo sọ. Mo tún un sọ fún un.

"Háà!" ni Bàbá ṣe. "Ta ló fi ọ́ jẹ olórí òkun? Ọkọ Lusia, kókò ń bẹ lórí òkúta, lọ wò ó kó má jóná. Ọ̀rọ̀ omi, ti onílé ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kiiti náà rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tí wọ́n sọ, ó kàn rí i pé àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín ni. Mo bá ìtìjú lọ sídìí ààrò. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, mi ò fi ti Bàbá ṣe àwáwí. Nígbà tí mo padà láti jẹun, mo bá orí ẹja nínú àwo mi, èyí tó tóbi jù, tí í ṣe ti àgbà. Bàbá ló fi sílẹ̀ fún mi. Àwàdà lásán ló bá mi ṣe. Mo jẹ orí ẹja náà, mo sì ń bínú lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí a gbéra. Mo fi àgbọn gbígbẹ mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀, èyí tí a máa ń jù sínú ihò kí òkun lè fọn ọ́n sókè. Kiiti dúró lọ́nà ó ń ya fọ́tò ẹyẹ, Noelini ń dúró dè é. Mo ṣáájú wọn. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, imọ̀ wà lára igi. Ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Kókó mẹ́ta.

Mo wo òkun, ó dákẹ́. Mo ní nínú ara mi pé àgbàlagbà yìí mọ̀ pé mo máa mú wọn wá, ìyẹn ló fi wá so ó láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wo irú orí! Bí ẹni pé òkun ń bá wa dá sí ìjà àna. Mo tú u. Kò ju ká ka ení, èjì lọ. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo kó àgbọn lé e.

Noelini dé, ó wo igi náà lókè nílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó yege ìdánwò.

"Pelenato, kò sí ewé! Òkun gbà!"

"Òkun gbà," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo ju àgbọn kan, òkun fọn ọ́n, ó lọ sókè bí ẹyẹ. Mo ju èkejì. Kiiti pàtẹ́wọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun ju ọ̀kan. Mo gbé e fún un. Ó bọ́ fìlà, ó fún ìyàwó rẹ̀ dì mú. Ó ju tirẹ̀, ó sì rìn síwájú díẹ̀, lọ sí etí àpáta, kó lè rí ibi tó máa já sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti pè é ni. Ìgbì náà kò gba inú ihò. Ó gorí àpáta wá láti gúúsù, bí ààlè Bàbá ṣe sọ, ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì wọ́ ọ lọ. Kò pariwo. Noelini ló pariwo. Ó fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e, mo dì í mú. Ó bù mí jẹ lápá, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn apẹja ìlú kejì rí òkú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, èmi faiava ń dáná. Mo fa imọ̀ jáde nínú apẹ̀rẹ̀, mo tì í sábẹ́ igi. Imọ̀ tútù kì í tètè jóná.

"Kí lo fi dáná tó ń rú èéfín báyìí?" Lusia bi mí.

"Igi ló tutù."

Lusia, igi kọ́. Ààlè bàbá rẹ ni. Òun la fi se kókò tí o fi ẹkún bẹ Noelini kó jẹ, tó sì jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn baálé jókòó. Noelini ní òun wo igi náà dáadáa, kò sí ewé. Òtítọ́ ló sọ. Bàbá ní òun so ó. Òtítọ́ ni òun náà sọ. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò rí nǹkankan. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kì í tú kókó mẹ́ta, a jẹ́ pé Bàbá kò so ó. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá lọ jókòó síwájú ilé tí Noelini sùn. Ẹní yìí náà ló fi borí. Noelini jáde, ó bi mí kí ni kí òun ṣe. Mo ní, bí ó bá ti dárí jì í, kó ká ẹní náà. Ó ní, "Mi ò lè ṣe é." Ó gba ẹ̀yìn lọ wọ ọkọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá wà lábẹ́ ẹní títí oòrùn fi kan àtàrí, títí a fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Ó ku ọ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná. Kò pè mí ní ọkọ Lusia. Ó ní, "Pelenato, ọmọ mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣé o rí imọ̀ mi? Bí o bá rí i, mi ò ní bínú, mi ò ní bi ọ́ níbi tó gbà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé."

Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi báyẹn. Mo wò ó lójú, mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò sí nǹkankan níbẹ̀."

Ó ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé mo ti darúgbó."

Ẹ mọ ìyókù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so imọ̀ káàkiri: lẹ́nu ọ̀nà, lára kànga, lọ́gbà ẹlẹ́dẹ̀, lórí ibùsùn ọmọ wa. Láràárọ̀ ni Lusia ń tú u tẹkúntẹkún. "Bàbá, kí lẹ̀ ń so ó fún?" "Kí n má baà gbàgbé ni, ọmọ mi." Àwọn ọmọdé ń fi í kọrin. Ọdún méjì ló lò bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ìwọ Tanielu wá láti Auckland, o fi ìtìjú sin bàbá rẹ, o kò sì bá wa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn baálé sì fi iṣẹ́ rẹ̀ fún ta ni? Èmi. Ogún ọdún ni mo ti ń so imọ̀ ní Imú Òkun, tí ìlú ń yìn mí pé ọwọ́ mi kì í yẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ má gbé e sùn. Noelini, ìwọ kò ṣìnà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ lo ṣe. Lusia, mi ò mọ ohun tí mo lè wí fún ọ. Mo ti ń sùn tì ọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mo ń gbọ́ ẹkún rẹ, mo sì ń dákẹ́.

Tanielu, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́, ká ẹní yìí. Bí o kò bá fẹ́, fi mí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, oòrùn tó pa bàbá rẹ lọ́jọ́ náà, kó pa èmi náà. Ẹ má ká a nítorí àìsàn mi. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó wù kí ẹ ṣe, kí ẹnìkan lọ sídìí sàréè náà lónìí, kó kó òdòdó ìdáríjì yẹn kúrò lórí rẹ̀, kó sì bá mi dá a lóhùn ohun tó bi mí lẹ́yìn ilé ìdáná. Kó sọ fún un pé: bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo rí i. Kókó mẹ́ta ni, ìrì ṣì wà lára rẹ̀.