Ìyẹ́ Adìyẹ Màmá Àpọ́nlé

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìyànà Ìyẹsí, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Fọláwẹwọ́, ẹnu yín á ti máa là, torí ẹ ò gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi rí. Èmi ni mo sọ fún yín pé ẹ̀fọn ilé wa gbé ọkùnrin kan dé Alapoti, pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi ni mo fi ejò rọ́bà sínú bàtà ọ̀gá wa níléeṣẹ́ ọ̀rá, tí ọ̀gá fò, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí lu òṣùpá. Ti òní kì í ṣe àwàdà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni, torí bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ẹ ó kàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyà tó ń jẹ Màmá Àpọ́nlé, ọwọ́ mi ló ti wá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù afárá ń bà mí. Bí mo bá ti dé orí afárá, orúkọ bàbá mi pàápàá á fò lọ lórí mi. Ẹ rò pé torí iṣẹ́ ni mo ṣe gba yàrá kan ṣoṣo sílé yìí, níbi tí ooru ti ń se ènìyàn bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Irọ́ ni. Kí n tó gbà á, mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà iṣẹ́, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí n lè rí i dájú pé kò sí afárá kankan níbẹ̀. Ní Sángo, abẹ́ bíríìjì ni mò ń gbà, mo sì máa ń sá kọjá níbẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran. Hàlímọ̀tù ìyàwó mi gan-an kò mọ̀. Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé kọnkéré ń lé òun?

Màmá Àpọ́nlé, ẹ̀gbọ́n bàbá Hàlímọ̀tù, tó ń ta ògì ní Itele, ló ní kí a wá máa gbé yàrá méjì nínú ilé tí ọkọ òun fi sílẹ̀, kí Tolú ọmọ wa lè ríbi sáré sí. Hàlímọ̀tù jó bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Màmá mú wa lọ wo ilé náà, kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀. Afárá kan wà lójú ọ̀nà, lórí odò tí ewúrẹ́ lè fò. Lójú tèmi, bí ènìyàn bá jábọ́ níbẹ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò tó balẹ̀. Mo dijú, mo ki fìlà bọ ẹnu.

Hàlímọ̀tù ní, "Kí ló dé, Bàbá Tolú?"

"Eyín ló ń ro mí."

Hàlímọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn di ọwọ́ mi mú títí a fi kọjá. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó tún dì í mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá àwáwí. Mo ní omi ibẹ̀ kò dára. Mo ní ẹ̀fọn ibẹ̀ ju tiwa lọ. Hàlímọ̀tù ní, "Ilé ọ̀fẹ́, Bàbá Tolú! Ṣé orí yín pé báyìí?" Ó ń di ẹrù lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí a kó lọ, Màmá wá bá wa palẹ̀ mọ́. Ó gbé adìyẹ kan wá, èyí tó ní tótòtó funfun lára. A pa á, a jẹ ẹ́, mo dá àpárá títí omijé fi bọ́ lójú Màmá. Èmi sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òun lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa.

Ní òwúrọ̀, bí wọ́n ṣe lọ wẹ̀, mo ṣa ìyẹ́ adìyẹ náà lórí ààtàn. Mo fi òwú dúdú dì í, mo gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, mo rì í sínú epo, mo ki í sábẹ́ ìrọ̀rí Tolú. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń dì í! Èrò mi ni pé Hàlímọ̀tù á sọ pé ayé ò fẹ́ kí a kó lọ, a ó sì tú ẹrù. Ibi tí ọgbọ́n mi parí sí nìyẹn.

Hàlímọ̀tù gbé ìrọ̀rí, ó figbe ta. Gbogbo yín rọ́ dé. Kàdírì wẹ́dà gbé ìyẹ́ náà sókè, ó ní, "Tótòtó! Ṣé kì í ṣe adìyẹ tí màmá yìí gbé wá lánàá nìyí?" Àní mi ò rò ó débẹ̀! Màmá la ẹnu, ó ní, "Èmi kẹ̀? Sí ọmọ tí mo gbé jó?" Kàdírì wá yíjú sí mi: "Bàbá Tolú, ìwọ lo sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta lo rí?"

Gbólóhùn kan ni ìbá parí rẹ̀. Àwàdà ni, mo ṣeré ni. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Màmá nìkan ni mo rí tó bẹ̀rẹ̀ síbi ìrọ̀rí ọmọ."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ pariwo "Àjẹ́!" Ẹnì kan da omi abọ́ sí i lára. Gèlè rẹ̀ bọ́, ó mú un, kò wé e. Ó wò mí, ó ní, "Fọláwẹwọ́, ṣé bí o ṣe rí i nìyẹn?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí padà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé Itele ṣáájú rẹ̀. Ta ni yóò ra ògì lọ́wọ́ àjẹ́? Gbogbo ògì tó bá lọ̀, odò ló ń dà á sí. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ kò fẹ́ jókòó tì í mọ́. Hàlímọ̀tù kò gbé fóònù rẹ̀. Àwa wà níbí, kò sí afárá kankan. Mo borí, àbí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Màmá pè mí. Mo ti ń retí èpè. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí a jọ wọ kẹ̀kẹ́ pé ẹ̀rù afárá ló ń bà ọ́."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níjọ́ tí wọ́n pè yín ní àjẹ́?"

"Kí wọ́n lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ dọjọ́ ikú? Mo rò pé ìwọ fúnra rẹ á sọ̀rọ̀ kí n tó dé ojú títì ni. Ṣé o ò rí i pé mò ń rìn díẹ̀díẹ̀? Mo fẹ́ kí o ráyè sọ ọ́ ni." Ó húkọ́ títí. "Ara mi ò yá, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sin mí ní àjẹ́. Wá. Bí o bá dé ìdí afárá, pè mí, màá wá dì ọ́ lọ́wọ́ mú."

Mo lọ. Mo dé ìdí afárá ewúrẹ́ yẹn, mi ò lè gùn ún, ojú sì tì mí láti pe aláìsàn tí mo bà jẹ́. Mo padà.

Hàlímọ̀tù, foríjì mí, gbé fóònù Màmá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rín bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀, ẹ sọ ẹ̀rù yín jáde. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ á sì tán. Ẹ̀yin tí ẹ pariwo níjọ́ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi lọ sí Itele, kí a lọ dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò rẹ̀. Kàdírì, di apá mi kan mú. Bí mo bá pariwo lórí afárá, ẹ má dúró. Bí mo bá jókòó sílẹ̀, ẹ wọ́ mi. Màmá ti rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yára.