Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Ilé Mẹ́tàdínlógójì

Ẹ̀yin tí mo gbé Wáífáì sílé yín, ẹ dákun, ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Oṣù márùn-ún péré ló lò. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti fi gbogbo ọ̀sán ru páálí nílé ìtajà. Mo rántí àga mi: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìwé ìròyìn ni mo máa ń ká sábẹ́ rẹ̀. Mo rántí bàtà kan ṣoṣo tí mo fi rìn ín, tí omi òjò ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó pé, "Ilé kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀; onílé ni kó mú un dání." Mo dà á kọ. Mo tún gbégbá orókè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọdún kan nídìí iṣẹ́, mo ti jù ú sẹ́yìn.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Rọ́tà ni àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Ilé mẹ́tàdínlógójì ni mo gbé e sí, ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ni mo sì fi ti gbogbo wọn. Mo tún ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa tún un ṣe láti yàrá mi. Bí ẹnìkan bá pè pé tiẹ̀ ti kú, kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti jí. Ni wọ́n bá sọ mí ní Jókòó-ṣe-é. Èmi, ẹlẹ́sẹ̀ títutù ọjọ́sí, orí mi wú! Mi ò bi ara mi pé bí mo bá lè gba ẹ̀yìn wọlé, ta ni kò lè gbà á?

Ẹnìkan gbà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé olùkọ́bìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn ọkùnrin jáde nínú kámẹ́rà tí mo so mọ́ rọ́tà wọn, tí mo gbé sókè ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó pe ọmọ náà lórúkọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aṣọ pupa ni ìyá rẹ wọ̀ lónìí." Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọmọkùnrin màmá náà ní, "Ọ̀gá, èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Èmi ò fún ẹnikẹ́ni. Ṣé òun ló fún ọkùnrin yìí ni?" Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Mi ò mọ ọkùnrin kankan." Mo wò ó. Rọ́tà máa ń kọ ẹni tó bá wọlé sílẹ̀. Mo rí i kedere pé ọ̀nà ẹ̀yìn tí mo fọwọ́ ara mi ṣí ni àlejò náà gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ro orúkọ mi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ará ilé ló ní láti fún un." Kílẹ̀ ó tó ṣú, obìnrin náà ti pọn ọmọ, ó ti gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lérí, ó ti padà sílé ìyá rẹ̀. Èmi lọ sílé, mo jẹun, mo yó. Ẹ ò rí ìwà ìkà!

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ilé-ẹ̀kọ́ wa pè mí kí n wá bá àwọn tuntun sọ̀rọ̀, kí wọ́n rí ẹni tó ti yege. Mo wọ kóòtù lọ. Ta ni mo rí lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tó ká ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀? Aránṣọ náà ni. Ó nawọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú ìwé mi pé rọ́tà máa ń kọ ẹni tó bá wọlé sílẹ̀. Tilé wa ńkọ́? Kí ló kọ?" Mo ní, "Ní Sátidé, nílé ọkọ rẹ, màá kà á sétí gbogbo yín."

Mo kà á. Mo tún jókòó sí pálọ̀ wọn, mo fi ọ̀rọ̀ ìwọlé kan yẹn ṣí rọ́tà ilé kejì lójú gbogbo wọn. Màmá dìde. "Jókòó-ṣe-é! Ìjókòó lo fi tú ilé ọmọ mi ká!" Ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kò lè gbójú sókè. Obìnrin náà ò sunkún. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ti ọ̀nà ẹ̀yìn pa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kẹ̀yìn síbí." Mo kẹ̀yìn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun. Màmá ní, "Kí lo tẹ̀, ìyàwó wa?" "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ẹ kẹ̀yìn." Ẹ̀rín sọ nínú ilé tí ò ti rẹ́rìn-ín fún oṣù márùn-ún! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti gbé máṣíìnì rẹ̀ padà, a sì gbọ́ ìró rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Èmi àti òun la jọ fẹsẹ̀ rin ilé mẹ́rìndínlógójì tó kù, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Mo ń jẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, òun ń kọ́ onílé bó ṣe máa ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àwọn kan bú mi, ó tọ́ sí mi. Kò sí ilé kan tó ṣẹ́ kù. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí onílé bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ẹ kẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ kó tó di ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Lánàá, fóònù mi dún: rọ́tà ẹnìkan ti kú. Mo dìde, mo wọ bàtà mi, mo gbọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.