Àbẹ́là Baba Símọ́nì Kọ́ Ló Fọ́ Ojú Bìó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí, bí mo sì ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi, tí mi ò sọ fún fádà nínú àpótí ìjẹ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo pa irọ́ mọ́ ọkùnrin kan, ọkùnrin náà sì gba irọ́ náà gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá sọ fún mi pé àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, pé èmi ló sì ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú mi bó ṣe wù yín.

Ìgbà ìjọba Rẹfolúsíọ̀n ni, ìjọba ológun tó ní òun fẹ́ sọ gbogbo wa di ọgba, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì, tí ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ igi ìjọba kan ní Parakou, níbi tí a ti ń kan bẹ́ǹṣì àti tábìlì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń la pákó. Irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn rẹ̀, tí pákó máa ń fara tì bó ṣe ń lọ síwájú. Gíìdì là ń pe irin náà. Bí gíìdì bá mọ́ tó sì ń dán, pákó á máa lọ geerege. Bí nǹkan bá lẹ̀ mọ́ ọn, pákó á há, ayùn á sì gbá a padà sí ẹni tó ń tì í. Ẹ̀rọ kejì ń fa eruku igi sínú àpò aṣọ kan tó ga ju ènìyàn lọ. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ẹ̀rọ méjèèjì, nítorí mo ní ìwé ẹ̀rí, mo sì lè ka ìwé Faransé tó bá wọn wá.

Kíkà nìkan ni mo kà á. Ẹni tó ń tọ́jú wọn gan-an ni Baba Símọ́nì.

Ará Ṣábẹ̀ ni. Kò gbọ́ Faransé, kò mọ ìwé, bàtà tí wọ́n fi táyà ọkọ̀ gé ló máa ń wọ̀. Á dúró ti ẹ̀rọ tó ń fa eruku, á dẹ etí sí i bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀, á wá ní, “Kò mu dáadáa lónìí.” Á tú àpò náà, á gbé e lọ síta, á máa fi ọ̀pá lù ú títí eruku á fi tán nínú rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á fi kẹrosíìnì nu gíìdì, á sì fi kúkúrú àbẹ́là pa á fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Felisití, ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. Òun ló máa ń ṣa àwọn àbẹ́là tó ti jó kù fún un. Baba kó wọn sínú agolo wàrà kan.

Mo máa ń yínmú sí i. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé bàbá yìí ń ṣe Máàsì fún irin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé pákó tí Baba bá là máa ń gún, tèmi kì í gún, gbogbo wọn sì mọ̀.

Dírẹ́kítọ̀ wa ńkọ́? Kámáráàdì yẹn ò mọ ìrókò yàtọ̀ sí igi máńgòrò. Ariwo ló mọ̀ ọ́n pa. Á na ọwọ́ sókè, ikùn rẹ̀ á yọ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á máa sọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí láyé rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òun ló máa yan ẹni tí wọ́n máa rán lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ní aṣojú ìjọba kan ń bọ̀ láti Kutonu. Ó ní gbogbo irin ara ẹ̀rọ, kí a fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún. Ó ní kí a pa ẹ̀rọ tó ń fa eruku, nítorí àpò rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fẹ́ kí eruku bà lé aṣọ pupa tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára ògiri. Èmi ni mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé a kì í kun gíìdì lọ́dà. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ náà, mo sì ti kà á. Mo kùn ún.

Ọjọ́ méjì la fi ń la pákó láìsí ohun tó ń fa eruku. Eruku gba gbogbo ilé, ó ń bà sórí ọ̀dà tútù náà, ó ń gbẹ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan gíìdì nígbà yẹn, ó rí ṣákaṣàka. Àmọ́ ẹni tó bá dúró lókèèrè á rò pé ó mọ́.

Aṣojú ìjọba dé. Kò pẹ́ rárá. Kò wo ẹ̀rọ kankan. Ó béèrè ibi tó ti lè rí omi tútù mu, a pàtẹ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí Baba Símọ́nì lọ tú pèpéle tí aṣojú náà dúró lé. Kó tó jáde, ó yíjú sí mi níwájú gbogbo ènìyàn.

“Ọmọ Kétu, ṣé o ti ha ọ̀dà ọ̀hún kúrò lára gíìdì?”

Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni ń bi ọmọ iléèwé bóyá ó ti wẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ara mi gbóná. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí!

Mo ní, “Mo ti hà á, Baba. Mo sì ti fi àbẹ́là yín pa á. Àbí kí n kúnlẹ̀ gbàdúrà sí i pẹ̀lú?”

Kò bínú. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó wá kọjú sí Bìó tó wà nídìí ayùn. “Bìó, máa là á lọ. Ó ti mọ́.”

Bìó jẹ́ ọmọ Bàríbá, ó lágbára, ohunkóhun tí Baba bá sọ ni yóò ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó. Kò pẹ́ tó pè mí. “Ọ̀gá, ó ń le o. Kò fẹ́ lọ.”

Mo jókòó, mo ń ka ìwé ìròyìn. Mi ò dìde. Mo ní, “Ṣé agbára ẹ ti tán ni? Tì í!”

Ó tì í.

Mi ò ní ṣàpèjúwe ohun tí mo rí fún yín. Pákó náà fò padà, ó gbá a lójú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́ níbẹ̀.

Gbogbo wọn gbé e, wọ́n sáré lọ sílé ìwòsàn. Èmi dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mò ń bọ̀ yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn ju ìyókù lọ, nítorí gbogbo èyí tí mo ti sọ, ẹ lè pè é ní ìwà òmùgọ̀. Èyí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Mo mú abẹ àti kẹrosíìnì, mo ha ọ̀dà náà kúrò pátápátá. Mo tan ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ó gbé gbogbo ohun tí mo hà mì. Mo ṣí agolo Baba, mo mú àbẹ́là rẹ̀, mo sì fi pa gíìdì títí ó fi nípọn. Lẹ́yìn náà mo gbé àpò eruku lọ síta, mo lù ú títí kò fi ku nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí Baba dé, ó fi ìka kan gíìdì. Ó wo ìka náà. Mo ní, “Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é, Baba. Ó ti yọ̀ jù, pákó sì bọ́ lọ́wọ́ Bìó.”

Wọ́n pe ìpàdé, irú ìpàdé tí a ti máa ń fẹ̀sùn kan ara wa, tí oníkálukú á sì dìde sọ àṣìṣe rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo dìde, mo sọ ti àbẹ́là. Inú dírẹ́kítọ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mi. Ó gbé agolo Baba sókè. Ó ní, “Ẹ wò ó! Àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì lára ẹ̀rọ àwọn aráàlú!” Ó ní ìgbàgbọ́ asán ni, ó ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀dà, nítorí òun ló ní kí a kùn ún. Àwọn káfíńtà tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé àbẹ́là kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo ilẹ̀, ojo lásán-làsàn.

Wọ́n ní kí Baba sọ tirẹ̀. Èdè wa ló fi sọ ọ́. Ẹ sì mọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún wọn? Èmi ni. Ó ní, “Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí láti máa fi àbẹ́là pa á. Èmi ni mo sọ fún Bìó pé ó ti mọ́. Ọwọ́ mi ló fọ́ ojú rẹ̀.” Mo túmọ̀ rẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ohùn mi ò gbọ̀n rárá.

Wọ́n lé e. Mo bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, torí pé mo fẹ́ rí i dájú pé ó lọ. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ni mo ní àánú òun.

Láti ìgbà yẹn, Baba ò fọwọ́ kan igi mọ́. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ padà sí Ṣábẹ̀, ó lọ ń gbin iṣu. Bí ó bá sì ti wa iṣu lọ́dọọdún, á fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí Bìó. Bìó náà kò rántí nǹkan kan nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn, pákó ti gbá a kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló mọ̀. Ó ń ṣọ́ ilé kan ní àdúgbò Banikanni ní Parakou níbí báyìí.

Èmi ńkọ́? Wọn ò rán mi lọ síbì kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n dírẹ́kítọ̀ ló lọ. Ibi iṣẹ́ náà ti di ilé ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní kámáráàdì mọ́, dírẹ́kítọ̀ sì ń jókòó ní ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin ju gbogbo wa lọ. Mo máa ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kí n máa gàn án, kí n tó rántí ara mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Felisití dúró dè mí lẹ́yìn Máàsì. Ó ti ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Arzèkè báyìí. Ó ní Baba ò jẹun mọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí Baba ń sọ ni pé òun fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ Bìó kí òun tó kú, pé iṣu kò tó.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, Baba ní ẹ̀yin ni kí ẹ bá òun mú un wá. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ ṣàánú wọn.”

Mo ní kò burú. Ẹ gbọ́, mo ní kò burú! Mo lọ bá Bìó ní Banikanni. Ó ní òun ti dárí ji Baba láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ òun á lọ, kí ọkàn arúgbó lè balẹ̀. Ó ti ra ìbora nínípọn kan fún un. Àárọ̀ Sátidé la máa wọkọ̀ lọ sí Ṣábẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń yínmú sí mi. Ó tọ́ sí mi. Ẹ lè ní kí n dákẹ́, kí arúgbó kú ní àlàáfíà. Àmọ́ kò sí àlàáfíà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ló máa gbé lọ. Bí mo bá sì sọ ọ́, á mọ̀ pé òun fi iṣẹ́ tí òun fẹ́ràn sílẹ̀ lásán. Á mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, kò sì ní lágbára láti mú ayùn mọ́.

Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí màá ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún Bìó nínú ọkọ̀, nígbà tó jókòó tì mí pẹ̀lú ìbora lórí ẹsẹ̀ rẹ̀? Tàbí kí n dúró dìgbà tí àwọn méjèèjì bá fojú kan ara wọn? Baba ò lágbára láti dìde, àmọ́ Felisití ní ó ti ń kọ́ bí ó ṣe máa kúnlẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé, nítorí mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.