Ẹ̀rín Tí Mo Jí Lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹ̀yínadé

Ẹ̀yin ará Arámọkọ tí ẹ wá kí mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ara mi ti sọ fún mi pé ilé ti yá, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Bọ́lárìnwá tí ẹ ń pè ní apanilẹ́rìn-ín, ìkà ni mí. Eré kúńfú Ọ̀gá Ẹ̀yínadé tí ẹ ní kò dùn, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èmi ni mo bà á jẹ́.

Ẹ rántí irú ènìyàn tí Ọ̀gá jẹ́. Bí ó bá gbé eré wá láti Ẹ̀fọ̀n, àti tìṣà àti àgbẹ̀ ni yóò jọ máa du àga. Eré ẹkún ló fi gborúkọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá ń ta afẹ́fẹ́ nípàá kiri nítorí fíìmù àwọn ará Ṣáínà, ó ní òun náà yóò ṣe eré kúńfú, òun yóò sì fi pa yín lẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Ta ló tún yẹ kó fi síwájú bí kò ṣe èmi tí mo ti ń pa yín lẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Ọ̀gá kò tíì ní mọ́tò? Moses ló mú, ọmọ Ìdó-Ilé tó kọ́ kàrátè ní Àkúrẹ́. Ọ̀gá ní, "Bọ́lárìnwá, orúnkún rẹ ti gbó. Ìwọ lo máa gbé gbohùngbohùn ṣáájú wa wọ ìlú."

Owú jẹ mí. Bí Moses bá ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, tó de ìgbànú dúdú mọ́ ọn, èmi á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ mí. Yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ibí yìí pani lẹ́rìn-ín?" Ó pani lẹ́rìn-ín. Èmi á ní, "A óò máa wò ó."

Ibi tí adùn eré náà wà rèé. Ọ̀lẹ kan ń fọ́nnu pé òun kọ́ kúńfú dé Ṣáínà. Ẹnì kan tó fi aṣọ bojú sì ń na gbogbo ìlú. Ọ̀lẹ yìí fò sókè láti ta á nípàá, ni aṣọ bá já bọ́ lójú ẹni náà, àṣé ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, ó ti nà gbalaja, ó ti dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, mà."

Iṣẹ́ mi ni kí n polówó eré, kí n má tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti dé Arámọkọ yìí, mo pa gbohùngbohùn, mo wọ ilé Dorcas ẹlẹ́mu, mo sì sọ ọ́ tán pátá. Mo fò, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹmu fi dà sí yín lára, ẹ sì lọ sọ fún ará ilé yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní Ìjerò. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Nígbà tí eré dé, Moses fò, ó balẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yán, ó ní, "A ti gbọ́ ìyẹn ní ulé Dorcas." Àwọn tìṣà ń mirí, wọ́n ní Ọ̀gá ì bá má kúrò nídìí eré ẹkún. Ojú ti Moses, inú mi sì dùn.

Lẹ́yìn ti Ìjerò, Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn mọ́tò. Ó ní, "Bọ́lárìnwá, o mọ ẹ̀rín ju gbogbo wa lọ. Má tàn mí. Ṣé eré yìí kò pani lẹ́rìn-ín ni?" Gbólóhùn kan péré ì bá tún un ṣe. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, kò pani lẹ́rìn-ín. Ẹ ti dàgbà ju irú eyí lọ." Ó ní mo ṣeun. Ó tú ẹgbẹ́ ká, ó padà sídìí kòkó, kò sì kọ eré kankan mọ́.

Mo ti lọ bá a ní Ẹ̀fọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbé mi lọ ni. Mo jẹ́wọ́, mo sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bọ́lárìnwá, o ṣeun. Àánú mi ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń sọ bẹ́ẹ̀." Kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé Dorcas lọ́jọ́ náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá mi dé Ẹ̀fọ̀n kí bàbá náà tó kú. Ẹ sọ fún un pé ẹ rẹ́rìn-ín.